BÍ ÌJỌ BÁ YÍ PADÀ, ṢÉ ÌJỌ NÁÀ NI Ó ṢÌ JẸ́?

  

Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan sí i lórí ìsọdọ̀tun. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa retí pé kí n kọ nípa ọ̀dà tuntun tí a fi kun ilé ìsìn, àti àga tuntun, àti jẹnẹrétọ̀. Ohun rere ni gbogbo wọn, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó náwó. Ṣùgbọ́n ọ̀dà nìkan kò lè sọ ìjọ di ọ̀tun. Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2024, òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí. Bí ìjọ bá yí padà, ṣé ìjọ náà ni ó ṣì jẹ́? Ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà?

ILẸ̀KÙN TÍ A TÌ

Àwa ará ìhà àríwá Èkìtì kò lè gbàgbé ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní agbègbè wa. Ẹ̀rù bà wá. Ẹni tí ó ń lọ oko kò lọ mọ́ kí oòrùn tó yọ. Ìṣọ́ òru tí a máa ń ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́, a dá a dúró. Àdúrà àárọ̀ kùtù, tí agogo rẹ̀ máa ń dún ní agogo márùn-ún, ìgbìmọ̀ ìjọ sún un sí agogo mẹ́fà ààbọ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìkéde náà, nítorí èmi ni akọ̀wé ìjọ. A kà á ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ sì fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ní ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e, mo jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́fà láti lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìsìn. Ọyẹ́ ń mú gan-an. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn Ìyá Àdúrà wa lórí àtẹ̀gùn, ó ká ara rẹ̀ kò, ó fi aṣọ bo orí. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò sí nínú ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi nítorí orúnkún tí ó ń dùn ún, kò sì ní fóònù. Agogo márùn-ún ni ó ti dé. Ó ní:

"Tíṣà, mo kan ilẹ̀kùn títí. N kò gbọ́ agogo, n kò gbọ́ orin. Mo ní bóyá Olúwa ti dé ni, tí ó ti kó gbogbo yín lọ, kí ó wá ku èmi nìkan."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mo ní, "Màmá, a ti yí àkókò padà ni." Ó ní, "Ẹ ti yí i padà? Ó dáa." Kò bínú. Ó kàn dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, n kò lè jẹun. Obìnrin yìí wà nínú àwọn tí ó fi orí ru yanrìn nígbà tí a ń kọ́ ilé ìsìn náà. Kí èmi tó di ọmọ ìjọ ni ó ti ń gbàdúrà ní agogo márùn-ún. A sì jẹ́ kí ó rò pé Olúwa ti kọ òun sílẹ̀.

Ṣé a ṣẹ̀ nígbà tí a yí àkókò padà? Rárá o. Ewu wà lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ìyípadà náà tọ́, síbẹ̀ a ṣẹ ẹnì kan nígbà tí a ń ṣe é. Ohun tí ó jẹ́ kí n máa ronú láti ìgbà náà nìyẹn.

ÀWỌN BÀBÁ WA YÍ PADÀ

Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa sọ pé, "Bí àwọn bàbá wa ṣe ṣe é nìyí, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó máa ṣe é." Èmi náà ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn bàbá wa ṣe ní tòótọ́.

Ní ọdún 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn líle tí ó pa èèyàn lọ bẹẹrẹ káàkiri àgbáyé dé ilẹ̀ wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkàn kó ara wọn jọ fún àdúrà. J. B. Ṣádàrè wà nínú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́, Sophia Ọdúnlàmí, náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n mọ́. Wọn kò ní in lọ́kàn láti dá ìjọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1922, ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà nìkan mú kí wọ́n fi ìjọ tí a bí wọn sí sílẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ibi tí a ti so yín pọ̀ ní ìgbéyàwó, ibi tí a sin àwọn òbí yín sí, kí ẹ gbé àpótí yín kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀! Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣọ̀rẹ́, ìjọ tí wọn kò fojú rí rárá, lẹ́tà àti ìwé ìròyìn nìkan ni ó so wọ́n pọ̀.

Ní ọdún 1925, Mósè Orímọ́ládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Séráfù ní Èkó, èyí tí ó di Kérúbù àti Séráfù. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba kí Olúwa tó pè é ní ọdún 1928. Láti ibẹ̀ ni iná náà ti ràn dé Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, níbẹ̀ náà ni a sì sin ín sí nígbà tí ó sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Ní ọdún 1930 kan náà ni Josiah Òṣítẹ̀lú dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè. Ní ọdún 1931, àwọn òyìnbó ìjọ Apostolic dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ fi dàrú láàárín wọn. Ní ọdún 1943, orúkọ Christ Apostolic Church wọ ìwé ìjọba.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti 1918 dé 1943, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni. Ọmọ tí a bí ní ọdún àjàkálẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀dọ́ tí ó ń wá aya ni. Láàárín àkókò yẹn, àwọn bàbá tí a ń pè ní aláìyípadà ti fi ìjọ sílẹ̀, wọ́n ti bá ìjọ mìíràn ṣọ̀rẹ́, wọ́n ti tú ọ̀rẹ́ náà ká, wọ́n ti bá òmíràn dọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti kúrò lọ́dọ̀ ìyẹn náà. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ju agogo márùn-ún àárọ̀ lọ. Wọ́n fi ìgboyà sílẹ̀ fún wa, láti máa bi ara wa léèrè bóyá ọ̀nà tí a ń tọ̀ ṣì ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

ÌYÍPADÀ TÍ A KÒ SỌ

Kí ni ó tú àwọn bàbá wa àti àwọn òyìnbó náà ká? Kuiníìnì wà nínú rẹ̀. Àwọn òyìnbó ń lo kuiníìnì nítorí ibà, àwọn bàbá wa sì ní ẹni tí ó bá ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá kò gbọdọ̀ máa gbé oògùn mì. N kò dá ẹnì kankan lẹ́bi nínú wọn, olùbẹ̀rù Ọlọ́run ni tọ̀túntòsì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó kàn mí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ibà mú un nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹni ìgbàgbọ́ pátápátá ni bàbá mi. Oògùn kankan kò gbọdọ̀ wọ ilé wa, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n fi omi ìyè wẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kú. N kò sọ pé oògùn ì bá ti gbà á là. Ta ni ó mọ̀? Àwọn ọmọ tí ó lo oògùn náà ń kú nígbà yẹn. Bàbá mi sunkún, ó ní ìfẹ́ Ọlọ́run ni, ìyá mi sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Òfin ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí a kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ. Ẹnì kan lọ gba abẹ́rẹ́, a kò bá a wí. Ẹlòmíràn bímọ sí ilé ìwòsàn, a lọ sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ, a mu. Nígbà tí bàbá mi di arúgbó, ẹ̀jẹ̀ ríru mú un. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ń lò ó láràárọ̀. Abẹ́ ìrọ̀rí ni ó máa ń fi pamọ́ sí. Ìyá mi ni ó ń tẹ́ ibùsùn, nítorí náà ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní:

"Kò burú pé ó ń lò ó. Èmi kò fẹ́ kí ó kú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó sọ fún mi pé òun ti yí ọkàn padà. Ó yẹ kí ó dárúkọ ọmọ yẹn fún mi."

Bàbá mi kò dárúkọ rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá mi náà ti lọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni káàdì ilé ìwòsàn àti òróró ìyàsímímọ́ jọ wà nínú báàgì wa. Èmi náà wà níbẹ̀. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí Ọlọ́run tí ó ń gbọ́ àdúrà ni ó fún dókítà ní ọgbọ́n. Àwọn ìjọ mìíràn sì wà tí wọ́n ṣì di ti àdúrà nìkan mú ṣinṣin pẹ̀lú ọkàn mímọ́, a kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyípadà tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó san owó òfin àtijọ́. Ẹni tí ó pàdánù ọmọ nítorí òfin, tí ó wá rí i pé òfin náà ti kúrò nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó sọ nǹkan kan, kí ni kí ó rò? Ìjọ tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "Ibi tí a dúró sí tẹ́lẹ̀ nìyí. Ibi tí a dúró sí nísinsìnyí nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ru ẹrù rẹ̀, a rí yín, ẹ má bínú."

ÈDÈ TÍ ỌLỌ́RUN GBỌ́

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú wa yìí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ilé dé ibi tí oko wà, ọ̀kadà kún ojú títì, àwọn ọmọ láti gbogbo Nàìjíríà dé bá wa. Díẹ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìsìn wa. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a máa túmọ̀ ìwàásù sí Gẹ̀ẹ́sì.

Èmi ni mo dìde nínú ìgbìmọ̀ tí mo ní kò ní ṣeé ṣe. Mo ní, "Èdè tí Ọlọ́run fi bá àwọn bàbá wa sọ̀rọ̀ ni a ó máa fi sìn ín." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọbìnrin kan wà tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò gbọ́ Yorùbá. Yóò máa fi ohùn gbe orin láìmọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò sì máa wo ojú àwa àgbà nígbà tí a bá rẹ́rìn-ín, kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Bí ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fà ni ó wá. Lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́, n kò sì béèrè rẹ̀.

Ẹ wo nǹkan ọdún pípẹ́ tí ó tún padà wá. Lára ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa fi kúrò lọ́dọ̀ àwọn ìjọ òyìnbó láyé àtijọ́ ni pé wọ́n fẹ́ fi ohùn ara wọn sin Ọlọ́run. Èmi wá jókòó sí ipò òyìnbó, mo ń ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn nítorí èdè. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì kò rí ìpín tiwọn gbà nínú oúnjẹ ojoojúmọ́, ìkùnsínú sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ kọ́ èdè ná. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n sì yan ọkùnrin méje sí iṣẹ́ náà. Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá ní láti tún ètò rẹ̀ ṣe nítorí àwọn obìnrin tí ojú àwọn aṣáájú kò tó.

ÒDÒDÓ TÍ A PÀÀRỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe tiwa. Ìjọ kan wà tí a ń pè ní Unitarian. Wọ́n gbà pé ọ̀kan ni Ọlọ́run, wọn kò sì gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Ibi tí àwa àti wọn ti yà nìyẹn, ẹ má rò pé mo ń wàásù rẹ̀ fún yín. Síbẹ̀ wọn kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní àkókò tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, nígbà tí àwọn bàbá wa ń kóra jọ fún àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Adéníran Adédèjì Ìṣọ̀lá, tí ó ti jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkàn, dá Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá sílẹ̀ ní Èkó, òun sì ni ìjọ Unitarian ti ilẹ̀ wa. Ṣáájú wọn, ní 1891 àti 1901, àwọn mìíràn ní Èkó ti kúrò lábẹ́ òyìnbó láti dá ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ìgbà ìyípadà kan náà ni ó gbé gbogbo wọn dìde.

Ní ìlú Prague, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czechoslovakia nígbà náà, pásítọ̀ Unitarian kan wà tí ń jẹ́ Norbert Čapek. Inú ìjọ mìíràn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rẹ̀ ti jáde wá, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ mọ́ sí oúnjẹ Olúwa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n nílò ohun kan tí yóò so wọ́n pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1923, ó ní kí olúkúlùkù mú òdòdó kan wá láti ilé. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ẹnì kọ̀ọ̀kan mú òdòdó kan lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó mú wá. Àwọn ará Jámánì tí Hitler ń darí mú ọkùnrin yìí ní ọdún 1941, wọ́n sì pa á ní ọdún 1942. Ṣùgbọ́n aya rẹ̀ ti gbé ìsìn òdòdó náà dé Amẹ́ríkà, àwọn ìjọ wọn sì ń ṣe é títí di òní.

Èmi kò ní kí a fi òdòdó rọ́pò oúnjẹ Olúwa o! Tiwa ni a ó máa jẹ. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí ó gbé tirẹ̀ padà sílé. Nínú àríyànjiyàn ìjọ wa, bí àgbà bá borí, àgbà á gbé òdòdó rẹ̀ lọ sílé. Bí ọ̀dọ́ bá borí, ọ̀dọ́ náà á gbé tirẹ̀ lọ. Ta ni yóò wá gbé ti ẹnìkejì rẹ̀?

ÈBÙ INÚ EBÈ

Àgbẹ̀ ni wá ní Èkìtì, ẹ jẹ́ kí n fi iṣu sọ ọ́. Nígbà tí a bá gbin èbù sínú ebè, èbù náà á jẹrà. Bí ẹ bá wa ebè náà nígbà ìkórè, iṣu tuntun ni ẹ ó bá níbẹ̀, èbù àtijọ́ á ti di ìdọ̀tí. Àgbẹ̀ tí ó bá ní òun kò fẹ́ kí èbù òun jẹrà, tí ó gbé e sí inú àká, ebi ni yóò pa á. Àwa àgbà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó bá se iṣu àti èbù jẹ tán, kí ni yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀? Ọ̀dọ́ a máa ṣe ìyẹn. Ebè ọdọọdún ni a ń kọ ní tuntun, irú iṣu kan náà ni a ń gbìn sínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìjọ lè pààrọ̀ àkókò, èdè, ìlù àti òfin oúnjẹ, kí ó sì jẹ́ ìjọ náà síbẹ̀, bí kò bá ju ẹnì kan nù nígbà tí ó ń ṣe é. Bí ó bá sì ju ẹnì kan nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pààrọ̀ ẹyọ nǹkan kan, kì í ṣe ìjọ náà mọ́.

Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yí nǹkan padà, mo bẹ̀ wá kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kí ni nǹkan yìí wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀? Bí a bá mọ ìdí rẹ̀, a ó lè tọ́jú ìdí náà bí a tilẹ̀ pààrọ̀ ọ̀nà.

2. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Kì í ṣe owó náírà ni mo ń wí. Ta ni yóò dúró sí ìta nínú ọyẹ́? Ta ni yóò jókòó láàárín wa láìgbọ́ ohun tí a ń sọ?

3. Ǹjẹ́ a ti sọ fún ẹni náà, ní ojúkojú, kí a tó ṣe é? Ìkéde lórí pẹpẹ kò tó, fóònù kò tó.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Akọ̀wé, Ọlọ́run kì í yí padà." Òótọ́ ni. Ọlọ́run kì í yí padà, ṣùgbọ́n aago tí ó wà lára ògiri wa kì í ṣe Ọlọ́run.

OHUN TÍ A ṢE

Lẹ́yìn ọjọ́rú yẹn, èmi àti ọ̀dọ́ méjì lọ sí ilé Màmá láti tọrọ àforíjì. A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewu ojú ọ̀nà fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ilé ìsìn ni ó ń jí ní agogo márùn-ún ni, àbí èmi? Ẹ sáà máa lu agogo yín. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, kí ó kúnlẹ̀ nílé rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ká wá pàdé."

Gbogbo ìgbìmọ̀, pẹ̀lú ìwé tí a kà, kò ronú kan èyí. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe. Agogo ń dún ní agogo márùn-ún láràárọ̀, olúkúlùkù á gbàdúrà nínú ilé rẹ̀, a ó sì pàdé ní agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ọmọ yunifásítì kan tí ó ń gbé nínú ọgbà ìjọ ni ó ń lu agogo náà, ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀ mà" lọ. Ògbufọ̀ sì ti wà nínú ìsìn wa báyìí. Láwọn ọjọ́ mìíràn, èmi tí mo kọ̀ ọ́ jù ni wọ́n ń pè láti túmọ̀. Olúkúlùkù ti gba òdòdó ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ní àtúnṣe. Ọmọbìnrin tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn kò padà wá. N kò mọ ìjọ tí ó wà báyìí. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin àlejò bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yín, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ìgbìmọ̀ ìjọ. Nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa ní ìsìn ìrántí, àwọn alàgbà àti àwọn olùdásílẹ̀ nìkan ni a máa ń kà. Ẹ jẹ́ ká máa ka orúkọ àwọn ọmọ kéékèèké náà, àwọn tí ó kú ní ayé òfin àtijọ́. Kì í ṣe láti dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Àwọn pẹ̀lú sunkún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnì kan dárúkọ wọn. Èmi yóò mú orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wá, nítorí ìyá mi.

Ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá wọlé lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ẹ ó rí màmá arúgbó kan ní ìjókòó iwájú, lápá ọ̀tún. Ẹ lọ kí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí a ti yí padà ní Ọ̀yẹ́ àti ohun tí a kò yí padà, ẹ bi í. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó mú wa la àjàkálẹ̀, ìjà àti ẹ̀rù kọjá tún ìjọ yìí ṣe, láìpàdánù ẹnì kan nínú wa. Kí ó fún àgbà ní ọkàn láti fi sílẹ̀, kí ó fún ọ̀dọ́ ní ọkàn láti tọ́jú. Ẹ̀mí wa á ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ láyé, ní orúkọ Jésù. Àmín.